Kí Wọ́n Tó Rí Ojú Yín, Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Rí Ọwọ́ Yín

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí sọ ní Kubwa, Àbújá, lórí wíwá iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ kódù àkọ́kọ́ láti ilé

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin òbí wa. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ìrìn. Àwọn kan nínú yín ti Gwagwalada wá, àwọn kan ti Keffi wá, ẹnì kan sì sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé láti Minna lòun ti wọ mọ́tò ní aago mẹ́fà àárọ̀. Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ kódù, ìyẹn àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ṣe lè rí ibi tí yóò ti kọ́ṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, láìkúrò ní Àbújá, lọ́dọ̀ ọ̀gá tí kò sí ní Àbújá.

Nyanya ni wọ́n ti tọ́ mi. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, iṣẹ́ télọ̀ ló sì gbé e wá síhìn-ín. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kì í sì í ṣàìní ọmọ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò ní fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì fún oṣù mélòó kan. Yóò gbálẹ̀, yóò fínná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, yóò ṣa àjákù aṣọ, yóò ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yẹn, ojú rẹ̀ wà lára ọ̀gá. Ó ń wo bí bàbá mi ṣe ń wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé e. Ó ń gbọ́ ohun tó ń sọ fún oníbàárà tí inú ń bí. Ìgbà tó bá máa fi jókòó sídìí ẹ̀rọ, ìdajì iṣẹ́ ti wà lójú rẹ̀. Bàbá mi náà kò sì ṣíjú kúrò lára rẹ̀. Ó ti mọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó ti mọ èyí tó ń kánjú.

Báwo lèèyàn ṣe ń ṣe ọmọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wà ní Berlin tàbí ní Yaba ní Èkó, tí ọ̀gá kò sì lè rí ẹni tó ń gbálẹ̀? Ó tó ọdún méjì tí mo fi wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní 300 level mọ ohun tí à ń pè ní IT. Ọdún 1973 ni àjọ ìjọba tó ń jẹ́ Industrial Training Fund dá ètò SIWES sílẹ̀, èyí tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, torí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ń ráhùn pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kà nínú ìwé kò tó láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Èrò náà dára, mo fara mọ́ ọn títí dòní. Ṣùgbọ́n ìlú ọ́fíìsì ìjọba ni Àbújá, ibi tí wọ́n ti ń kọ kódù kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá àyè. Ibi tí wọ́n fi èmi sí, ìdí ẹ̀rọ fọ́tòkópì ni mo dúró sí. Tí kò bá sí ìwé láti dà kọ, wọn á rán mi lọ ra oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí logbook mi, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ iṣẹ́ tó ṣe sílẹ̀, lóṣooṣù, mo sì jáde láìkọ ìlà kódù kan ṣoṣo. Mo sunkún nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà, nítorí mo mọ̀ pé oṣù mẹ́fà yẹn ti lọ.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ímeèlì. Mọ́kànlélógójì ni mo kọ, sí àwọn ilé-iṣẹ́ ní Èkó, ní Ìlú Ọba, ní Kánádà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo kọ sí gbogbo wọn: akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo fẹ́ràn iṣẹ́, mo máa ń tètè mọ nǹkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Àwọn méjì ló dáhùn. Àwọn méjèèjì ní kò sí àyè.

Nísinsìnyí tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ tèmi náà, mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó gba akẹ́kọ̀ọ́ síṣẹ́ ti fi àkókò tirẹ̀ ta ọrẹ ná. Oṣù kan tàbí méjì ni yóò fi máa kọ́ ọ kí èrè kankan tó yọ. Ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá ń bẹ̀rù ìnáwó yìí. Ẹ rántí Andela, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2014. Iṣẹ́ tí wọ́n fi gbajúmọ̀ ni pé wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ìrírí, wọ́n sì ń fi wọ́n sẹ́nu iṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n dá nǹkan bí 400 nínú àwọn ọ̀dọ́ náà dúró ní Nàìjíríà, Uganda àti Kenya. Wọ́n ní àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ làwọn oníbàárà ń béèrè. Nítorí náà, ẹ̀yin tí wọn ò dá lóhùn, ẹ má ṣe sọ fún ara yín pé orí yín ò pé. Wọn ò mọ̀ yín ni. Kò sí télọ̀ tó máa fi aṣọ oníbàárà lé ẹni tí kò tíì rí ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí àyè ṣe ṣí fún èmi.

Mo ń bá ẹgbẹ́ kan ní ìjọ wa to orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sínú ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Abọ́sẹ̀dé. Orí fóònù ni mo ti tẹ orúkọ rẹ̀ wọlé, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo wá a lórí kọ̀ǹpútà, ètò náà ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ń wò ó lójú báyìí! Abọ́sẹ̀dé rèé, Abọ́sẹ̀dé rèé, kọ̀ǹpútà ní wọn kì í ṣe ẹnì kan náà.

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Ìlànà kan wà tó ń jẹ́ Unicode, òun ni kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló sì fi ń mọ̀ wọ́n. Wọ́n fún "ọ" ní nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n fún "ó" náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "ọ́", tó ní àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bátànì fóònù kan lè kọ ọ́ bíi nǹkan méjì, ìyẹn "ọ" àti àmì òkè. Òmíràn lè kọ ọ́ bíi mẹ́ta, ìyẹn "o", àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè. Lójú tiwa, lẹ́tà kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ ni méjì, ọ̀tọ̀ ni mẹ́ta. Oògùn rẹ̀ ò sì le rárá. Nínú Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kódù, unicodedata ni wọ́n fi ń ṣe é, JavaScript tó jẹ́ èdè mìíràn náà ní normalize. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń sọ ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan kí ètò náà tó fi wọ́n wéra.

Gbogbo àtúnṣe náà kò ju ìlà méjì lọ. Ṣùgbọ́n mi ò kọ́kọ́ fi kódù ránṣẹ́. Mo kọ àlàyé sí ojú ìwé tí àwọn tó ni ètò náà ti ń gba ẹjọ́: ohun tí mo tẹ̀, ibi tí mo ti tẹ̀ ẹ́, ohun tí mo rí, ohun tó yẹ kí n rí, àti irú àwọn orúkọ tó máa bá pàdé ìṣòro yìí. Ọjọ́ márùn-ún kọjá. Ọ̀gbẹ́ni kan dáhùn láti Jámánì pé òun ò mọ̀ rí pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wà, ó sì béèrè bóyá mo lè tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó dá a padà. Ó ní kí n kọ ìdánwò tí yóò fi hàn pé àṣìṣe náà kò ní padà wá. Mo kọ ọ́, ó tún dá a padà, ó ní ibi tí mo fi sí nínú kódù kò tọ́. Ìgbà kẹta, ó gbà á. Mo ń rántí bàbá mi tó máa ń tú ìránṣọ ọmọ iṣẹ́ palẹ̀ tí á ní kó tún un rán. Mo mọ ohun tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ń ṣe fún mi.

Láàárín oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo tún nǹkan kéékèèké mẹ́rin mìíràn ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló bi mí bóyá mo ṣì wà nílé ìwé, torí pé ilé-iṣẹ́ kékeré tí òun ń bá ṣiṣẹ́ máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta ni, yàrá wa ní Nyanya ni mo sì ti ṣe é.

Mi ò sọ pé ẹnì kan máa pe gbogbo yín bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín á ṣì kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo bá kọ lẹ́yìn ìgbà yẹn, àdírẹ́ẹ̀sì iṣẹ́ tí mo ti ṣe ló máa ń wà ní ìlà àkọ́kọ́. Mi ò tún kọ ọ́ mọ́ pé mo máa ń tètè mọ nǹkan. Ẹni tó bá tẹ àdírẹ́ẹ̀sì náà á fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ tún kíyè sí nǹkan kan. Ọ̀gbẹ́ni yẹn mọ kódù jù mí lọ ní ìlọ́po ogún, síbẹ̀ kò lè rí àṣìṣe yẹn láé, torí pé kò sí Abọ́sẹ̀dé kankan nítòsí rẹ̀. Ibi tí ẹ ti wá ń fi nǹkan hàn yín tí wọn ò lè rí. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń sọ Hausa ní ɓ, ɗ àti ƙ, ẹ lọ wo iye ètò tó ń sọ wọ́n di b, d àti k lásán. Ẹ wo fọ́ọ̀mù tó ń gba +234 tí kò sì mọ ohun tí yóò fi òdo iwájú nọ́ńbà ṣe. Ẹ wo èyí tó ní dandan ni kéèyàn kọ postcode, ìyẹn nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò. Ẹ wo ètò tó kú fin-ín lórí fóònù kékeré tí ìyá yín ń lò ní ọjà Karu. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ilẹ̀kùn.

Ibi tí ilẹ̀kùn ọ̀hún ṣí sí ni wọ́n ń pè ní open source, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè ṣí inú rẹ̀ wò. Linus Torvalds tó dá Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sílẹ̀ lọ́dún 1991 náà ló kọ Git lọ́dún 2005, kí àwọn tí wọn ò sí nínú yàrá kan náà lè jọ máa tún kódù kan náà ṣe. GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń gbé irú kódù bẹ́ẹ̀ sí, dé lọ́dún 2008, ó sì sọ ọ́ di gbangba. Èmi gbà pé òun ló sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi jù lọ nínú ohun tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdí tí mo sì fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo ìjíròrò àtẹ̀yìnwá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kó àwọn pull request tí wọ́n ti parí sí, ìyẹn àtúnṣe tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ kí ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ka ogún nínú wọn kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ẹ ó rí ohun tí ọ̀gá kọ̀, ẹ ó rí ìdí tó fi kọ̀ ọ́, ẹ ó rí bí ọmọ iṣẹ́ ṣe dáhùn. Òun ni gbígbálẹ̀ tiwa.

Ètò tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò ni kẹ́ ẹ yàn. Ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án láàárín oṣù yìí, torí ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà tí ọ̀gá rẹ̀ ti kó lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n lẹ "good first issue" mọ́, pé ó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èrò pọ̀ níbẹ̀ jọjọ, àwọn kan á kàn sọ pé kí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn, wọn á sì pòórá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì ní kí AI kọ kódù tí ẹ ò lè ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Irú ẹ̀ ti pọ̀ jù níwájú àwọn tó ń bójú tó ètò wọ̀nyí, ó ti sú wọn, orúkọ yín ló sì máa wà lórí rẹ̀.

Àwọn ètò kan wà tó ń san owó fún irú iṣẹ́ yìí. Outreachy ti ọdún 2006 bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ GNOME, ẹgbẹ́ open source kan, àjọ Software Freedom Conservancy ló ń bójú tó o báyìí. Oṣù mẹ́ta ni, ilé lèèyàn ti ń ṣe é, ẹgbẹ̀rún méje dọ́là ni wọ́n ń san. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gba èèyàn lọ́dún. Àwọn obìnrin ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún, ṣùgbọ́n kì í ṣe obìnrin nìkan mọ́. Wọ́n ń wá àwọn tí ọ̀nà kò là fún nínú iṣẹ́ yìí ní ìlú tiwọn, àròkọ tẹ́ ẹ bá kọ lórí rẹ̀ ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ kà. Bí wọ́n bá gbà á wọlé, ẹ ó bá ètò kan ṣiṣẹ́ fún bí oṣù kan kí wọ́n tó yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ yín ni wọ́n tún ń wò. Google Summer of Code ti wà láti ọdún 2005, akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti ọdún 2022 ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún tó sì jẹ́ tuntun nínú open source lè wọlé. Oṣù kẹta ni wọ́n sábà máa ń gba ìwé. Nílé níhìn-ín, HNG Internship wà, ètò ìkọ́ṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ìpele dé ìpele ni wọ́n fi ń sẹ́ èèyàn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí èyíkéyìí rọ́pò SIWES, ọ̀dọ̀ olùdarí SIWES ní ẹ̀ka yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ béèrè ẹni tó máa fọwọ́ sí logbook. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tẹ́ ẹ bá parí.

Ohun kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tèmi pẹ̀lú ọ̀gá Jámánì yẹn jẹ́ kò kan kódù. Ìwà ọmọlúàbí tí wọ́n fi tọ́ mi ni. Bí mo bá ní ìṣòro, mo máa kọ ọ́ sí ọ̀gá mi pé "Good morning sir", màá sì dúró kó dá mi lóhùn kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá, bí a ṣe ń kí àgbà nílé. Òun náà á kí mi padà. Ìgbà tí mo bá fi béèrè, ó ti bọ́ sínú ìpàdé, ọjọ́ kan ti lọ. Ó sì máa ń tì mí lójú láti sọ pé nǹkan ò yé mi. Ọjọ́ méjì ni mo máa ń dákẹ́ tí màá máa bá a jà. Lọ́sẹ̀ kẹta ó pè mí lórí fídíò, kò bínú, ó ní: nígbà tí o bá dákẹ́, mi ò mọ̀ bóyá ò ń ṣiṣẹ́ tàbí o ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, ọmọ iṣẹ́ lè dákẹ́, torí pé ọ̀gá ń rí i. Níbi tí a wà yìí, ẹni tó bá dákẹ́ kò wá síbi iṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ìkíni, ìṣòro, ohun tí mo ti gbìyànjú, ohun tó jáde, àti ohun tí mo fẹ́ kí ó ràn mí lọ́wọ́ lé lórí, gbogbo rẹ̀ ń wà nínú ìwé kan. Bí n kò bá fara mọ́ ohun tó sọ, mo ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìdí. Ó ní kí n pe orúkọ òun lásán, ó sì pẹ́ kó tó lè jáde lẹ́nu mi. Ọ̀wọ̀ ṣì wà. Bí wọ́n ṣe ń fi í hàn níbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ má fi ẹlòmíràn sínú òkùnkùn.

Ní ti òkùnkùn gidi, gbogbo wa mọ NEPA. Ẹ sọ ọ́ fún ọ̀gá yín láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kì í ṣe lọ́jọ́ tí iná bá lọ. Git kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti fi iṣẹ́ yín pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà yín, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ nìkan ló nílò rẹ̀. Ẹ gba ìwé ìlànà wálẹ̀ kí dátà tó tán. Ẹ ní síìmù méjì. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ aago wa ṣe wá lóore. Àwa kì í yí aago padà. Ní ìgbà òtútù wọn, aago kan náà ni Àbújá àti Berlin ń lò, ní ìgbà ooru wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa. New York fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa. Bẹ́ ẹ bá ní kíláàsì láàárọ̀, ẹ ti rí ibi tó máa rọrùn.

Ìyá mi kan tó jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn bi mí léèrè kí n tó dìde. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò sùn lóru, kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀, dọ́là ló ní òun ń retí. Wọ́n ní báwo làwọn ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe Yahoo?

Mà, ìbéèrè yín tọ́. Màmá mi bi èmi náà. Ẹ pe ọmọ náà jókòó, kẹ́ ẹ ní kó fi hàn yín. Iṣẹ́ yìí kò ní ohun tí wọ́n ń fi pamọ́: orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, orúkọ ọ̀gá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ wà ní gbangba. Ẹ ní kó tẹ ìwé tí wọ́n fi gbà á jáde, kó fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú àpò kọ̀ǹpútà rẹ̀ torí ìbéèrè ojú ọ̀nà. Kó ṣí àkáǹtì dọ̀mù, èyí tó ń gba owó òkèèrè, ní báńkì ní orúkọ ara rẹ̀, kí owó náà ní ibi tó ti wá àti ibi tó lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ bá a ṣọ́ àwọn tó fẹ́ lù ú ní jìbìtì. Ẹni tó bá ní kó san owó kí àwọn tó gbà á síṣẹ́, olè ni. Ẹni tó bá béèrè nọ́ńbà OTP, olè ni. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń fi kódù ránṣẹ́ pé kó fi ṣe ìdánwò, kódù ọ̀hún ló sì máa jí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Kó kà á kó tó ṣí i, kó má ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo nǹkan rẹ̀ wà.

Ẹ̀yin àbúrò mi, iná ṣì wà, aago méjìlá kò tíì lù. Ẹ mú kọ̀ǹpútà yín jáde. Ẹni tí kò ní, kó jókòó ti ẹni tó ní. Ẹ ṣí ètò kan tẹ́ ẹ lò lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ tẹ orúkọ yín sínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá a. Mò ń bọ̀ láàárín yín, ojú fèrèsé ni màá ti bẹ̀rẹ̀.